AGOGO SÀÀRÌ TÍ MO PA LẸ́NU MỌ́ NÍ JẸ́RÍKÒ

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí nínú, ó sì ti pẹ́. Àwọn àgbà ló ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti dákẹ́ fún ọdún mẹ́jọ. Ó tó gẹ́ẹ́.

Jẹ́ríkò ni mo ti dàgbà, níbí n'Íbàdàn. Kì í ṣe Jẹ́ríkò inú Bíbélì o! Ti inú Bíbélì, fèrè àti ariwo ni wọ́n fi wó odi rẹ̀ lulẹ̀. Jẹ́ríkò tiwa kò fẹ́ ariwo rárá. Àdúgbò àwọn òyìnbó ìjọba ni láyé àtijọ́. Ilé ńláńlá ló wà níbẹ̀, ọgbà tó kún fún igi, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé, àti àwọn tó ń ṣe ìwádìí nípa igi igbó lórí òkè lọ́hùn-ún. Bí èèyàn bá wúkọ́ lóru ní Jẹ́ríkò, ilé kẹta á gbọ́.

Ẹ má rò pé ọmọ olówó ni mí. Bàbá mi ni máígádì ọgbà kan níbẹ̀. Onílé ń gbé lókè òkun, àwa sì ń gbé bọ́ìsì-kọ́tà tó wà lẹ́yìn ilé. Yàrá mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Télọ̀ wà ní ọ̀kan, bàbá tó ń gé òdòdó wà ní ọ̀kan, ìyá kan tó ń ta ata ní ọjà Aléṣinlóyè wà ní ẹ̀gbẹ́ tiwa gan-an. Ìyá Aláta ni gbogbo wa ń pè é.

OHUN TÍ MO ṢE NÍ 2017

Gbogbo ìgbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáànì bá dé, iṣẹ́ kan wà tí bàbá mi ń ṣe tí ẹnikẹ́ni kò san owó rẹ̀ fún un. Tó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀ òru, á mú agogo kékeré kan tó ti dúdú, á máa rìn lọ rìn bọ̀ níwájú yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Á lù ú ní ẹ̀ẹ̀mẹta, á dúró díẹ̀, á tún lù ú. Lẹ́yìn náà á fi ohùn jẹ́jẹ́ kọrin, á máa ki oníyàrá kọ̀ọ̀kan títí onítọ̀hún á fi dáhùn. Ìgbà yẹn ni oníkálukú á dìde, á gbé ìkòkò kaná, á jẹ sààrì.

Ní 2017, ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èmi ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́. Tí mo bá kàwé títí di aago kan òru, agogo bàbá mi á jí mi ní mẹ́ta ààbọ̀. Ìdánwò ìṣirò ni mo fẹ́ lọ ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ojú mi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni ẹnì kan ní ọgbà kejì ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá onílé wa mójú tó ilé, pé ariwo agogo kò jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ òun sùn. Mi ò bú onítọ̀hún. Ẹni tó bá ní ọmọ ọwọ́ nílé mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí èmi sọ fún bàbá tó bí mi lọ́mọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sinmi. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Ta ló tún ń lu agogo sààrì ní Jẹ́ríkò? Ẹ ń dójú tì mí lójú àwọn ọmọ ilé ńlá."

Mo rò pé á nà mí ni. Kò nà mí. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Kò burú, ọmọ mi." Ó fi síńgílẹ́ẹ̀tì àlòkù wé agogo náà, ó tì í sábẹ́ ibùsùn. Láti ọjọ́ náà, kò lù ú mọ́.

Mo yege ìdánwò náà o. Owó ilé ìwé gíga ni kò sí. Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ ìròyìn nìyẹn, tí mo ń fi ẹsẹ̀ rìn ká ìlú wá ọ̀rọ̀ tí ẹ ó kà.

WÉRÉ NI, KÌ Í ṢE WÈRÈ

Nígbà tí ààwẹ̀ 2025 kù díẹ̀, olóòtú wa pè mí. Ó ní kí n lọ kọ bí orin fújì ṣe bẹ̀rẹ̀ láti inú orin wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn aláàwẹ̀. Ó wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kí n ṣọ́ àmì ohùn o, kí n má lọ kọ wèrè sípò wéré. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Mo lọ sí Dúgbẹ̀. Mo bá àwọn tó ń ta orin àtijọ́ sọ̀rọ̀, mo bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ohun tí mo kọ nìyí.

Mo kọ ọ́ pé Sikiru Ayinde Barrister, ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n bí ní 1948, ni gbogbo ayé mọ̀ sí bàbá fújì. Alápatà ni bàbá rẹ̀, oníṣòwò ni ìyá rẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí. Láti kékeré ló ti ń kọ orin ajísààrì. Ó ṣe iṣẹ́ taípíìsì, ó wọ iṣẹ́ ṣọ́jà nígbà ogun abẹ́lé, ó tún fi iṣẹ́ ṣọ́jà sílẹ̀ nítorí orin. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé àwòrán kan tí òun rí ní pápákọ̀ òfurufú, tó ń polówó òkè Fuji ní ilẹ̀ Jàpáánù, ni òun ti rí orúkọ tí òun fún orin náà. Ó bu sákárà sí i, ó bu àpàlà sí i, ó rò ó pọ̀ mọ́ wéré. Siky-Oluyole ni orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé ìlú tó ti wá. Ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2010 ló kú sí London.

Mo kọ ọ́ pé Ayinla Kollington, tí òun náà ti ṣe ṣọ́jà rí, gbé ìlù bàtá wọnú fújì. Mo kọ ọ́ pé Wasiu Ayinde, tí wọ́n bí ní 1957, ti ń gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje ajísààrì ní kékeré l'Ékòó, àti pé ní oṣù kìn-ín-ní 2020, Aláàfin Lamidi Adeyemi fi í jẹ Mayegun ilẹ̀ Yorùbá. Mo kọ nípa Dauda Epo Akara tiwa níbí, tí wọ́n bí ní 1943, tó bẹ̀rẹ̀ nídìí wéré kó tó sọ tirẹ̀ di Awurebe, tó sì kú ní 2005.

Mi ò gbàgbé ẹ̀yin ìyá wa. Wákà ni ti àwọn obìnrin. Wọ́n ń kọ ọ́ níbi wọ̀líímà, níbi Máòlúdì, àti nígbà tí wọ́n bá ń pàdé ẹni tó ti Mẹ́kà dé. Batile Alake gbé e dé inú rẹ́kọ́ọ̀dù. Nígbà tó di 1976, tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní ọjọ́ 13 oṣù kejì, ọmọbìnrin kékeré kan, Salawa Abeni, gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde láti fi ṣe ìdárò rẹ̀. Nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà yẹn. Orin tó ti inú ọdún àwọn Mùsùlùmí wá ni gbogbo Nàìjíríà fi rántí olórí wọn tó kú.

Inú mi dùn. Mo ní iṣẹ́ mi ti parí.

"TA NI WỌ́N Ń JÍ?"

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo kó ìwé náà dé ilé. Bàbá mi jókòó sẹ́nu géètì pẹ̀lú rédíò rẹ̀. Ó ní kí n kà á fún òun. Mo kà á tán. Ó mi orí.

Ó ní, "O kọ orúkọ àwọn olówó tán. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń jí?"

Mi ò rí èsì fún un.

Ó ní kí n jókòó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí ó ti bí mi. Ó ní ní 1972, nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún méjìlá, òun wọ ẹgbẹ́ wéré ní Ìdí-Arẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, bàbá mi! Bàbá mi tí mo rò pé agogo lásán ló ń lù!

Ó ní ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ẹnì kan ni olórin, àwọn tó kù ni elégbè. Wọn kò ní owó ìlù. Agolo mílíìkì òfìfo, ìdérí ìkòkò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n yá, àti agogo kan ṣoṣo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Aago méjì òru ni wọ́n ń péjọ. Wọ́n á gba agbo ilé dé agbo ilé. Wọn kì í kàn pariwo lásán o. Wọ́n á kọ́kọ́ kí baálé, wọ́n á ki ìyálé, wọ́n á mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n á mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, wọ́n á mọ ilé tí òkú ti ṣẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀, kí wọ́n lè rẹ ohùn sílẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ mọ́, wọ́n á tún yípo lẹ́ẹ̀kan sí i láti kìlọ̀ pé kí oníkálukú gbé oúnjẹ sílẹ̀, àkókò ti lọ.

Mo béèrè pé, "Èló ni wọ́n ń san fún yín, Bàbá?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọjọ́ ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ni ọjọ́ ìgbowó wọn. Wọ́n á tún gba agbo ilé kan náà lójú ọ̀sán. Ẹlòmíràn á fún wọn ní kọ́bọ̀, ẹlòmíràn á bu ìrẹsì fún wọn, ẹlòmíràn á fún wọn ní aṣọ àlòkù. Ẹni tí kò bá rí nǹkan fún wọn á ṣe àdúrà.

Ó wá sọ bí fújì ṣe ti inú rẹ̀ jáde, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ yé mi tó bẹ́ẹ̀ ní Dúgbẹ̀. Ó ní tí ààwẹ̀ bá ti ń parí lọ, àdúgbò á pe àdúgbò níjà láti wò ẹni tí wéré rẹ̀ dùn jù, wọ́n á sì gbé ife fún ẹni tó bá borí. Ẹgbẹ́ tó bá gba ife, òun ni èèyàn á pè síbi ìsọmọlórúkọ lẹ́yìn ọdún. Tó bá ṣe dáadáa níbẹ̀, wọ́n á tún pè é síbi ìgbéyàwó. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù á ti gbọ́ ọ. Nígbà tí owó bá dé, wọ́n á ra ìlù gidi, wọ́n á ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Bí orin ọgbọ̀n ọjọ́ ṣe di orin oṣù méjìlá nìyẹn.

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ̀yin kò bá wọn lọ?"

Ó ní, "Ohùn mi kò tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sùn kọjá sààrì ní àdúgbò wa. Fújì, orin ijó ni, mo fẹ́ràn rẹ̀. Orin tí kò bá jí ẹnikẹ́ni, kì í ṣe wéré."

KÌ Í ṢE ỌDỌ̀ WA NÌKAN

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn. Nígbà tí mo túbọ̀ wádìí, mo rí i pé kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ni í. Ní Íjíbítì, ẹnì kan wà tó ń gba ìgboro kọjá lóru ààwẹ̀ pẹ̀lú ìlù kékeré, tó ń pe àwọn ará àdúgbò lórúkọ. Ní ilẹ̀ Tọ́kì, ìlù ńlá ni wọ́n fi ń jí èèyàn, tí ọdún bá sì dé, onílù á wá gba ẹ̀bùn rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe wí. Ní Tìrínídáàdì lọ́hùn-ún, orin kàlípísò ti inú àjọyọ̀ tí wọ́n máa ń ṣe kí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì àwọn Kìrìsìtẹ́nì tó bẹ̀rẹ̀ jáde.

Àwa náà ńkọ́? Ṣebí orin tí a ń kọ lọ́jọ́ Òkè'bàdàn yàtọ̀, ọjọ́ tí a kì í dáná, tí ọmọdé lè fi orin bú àgbà tí kò sì sí ìjà? Ṣebí orin egúngún yàtọ̀, orin Kérésìmesì yàtọ̀? Kí kàlẹ́ńdà tó dé ara ògiri, orin ni kàlẹ́ńdà wa. Afọ́jú gbọ́ orin, ó mọ̀ pé ọdún ti dé.

Àwọn àfáà kan wà tí wọn kò fẹ́ wéré, tí wọ́n ní ìlù kò sí nínú ẹ̀sìn. Mi ò bá wọn jiyàn, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Àwọn kan sì ní fóònù ti gba ipò ajísààrì. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́, nítorí náà mi ò lè bú wọn.

Ọ̀RỌ̀ TÍ ÌYÁ ALÁTA FI PAMỌ́

Ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2025 ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ bá Ìyá Aláta ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Aléṣinlóyè. Mo fẹ́ kí ó sọ ohun tó rántí nípa wéré, kí n fi kún ìwé mi.

Ó ń ṣa tòmátò lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ọkọ mi, o ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wá wéré. Ṣebí ìwọ lo pa á lẹ́nu mọ́ nínú ọgbà wa."

Ọ̀rọ̀ náà gbá mi láyà. Mo ní, "Ìyá, ta ló sọ fún yín?"

Ó ní, "Ògiri kan ló wà láàárín yàrá wa. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ fún bàbá rẹ."

Ó wá sọ ọ́ fún mi. Fóònù tirẹ̀, ìpè nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbà lórí rẹ̀. Ọjọ́ kejì tí agogo dákẹ́, oorun gbé e lọ. Ìrun òwúrọ̀ ló jí i. Kò jẹ, kò mu, ó sì ní òun kò ní tìtorí oorun sọ ààwẹ̀ nù. Ó gbé ọjà lọ sí Aléṣinlóyè nínú oòrùn. Nígbà tó di ọ̀sán, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú lé apẹ̀rẹ̀ tòmátò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Àwọn ọmọge ìsọ̀ kejì ló da omi lé e lórí. Apẹ̀rẹ̀ tòmátò náà ṣòfò pátápátá. Owó àjọ ló fi rà á. Ó dìgbà Iléyá kó tó rí owó náà san tán.

Mo ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

Ó ní, "Bàbá rẹ fẹ́ tún máa lù ú nígbà tó gbọ́. Èmi ni mo ní kó fi í sílẹ̀, torí pé o ń ṣe ìdánwò. Mo ní ká jẹ́ kí ọmọ yìí yege ná. Lẹ́yìn ìgbà náà, agogo kò tún jáde mọ́."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá mi wò ó. Ìyá tó ṣubú sọ́jà nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi, òun náà ló tún gbè mí lẹ́yìn kí n lè yege. Mo fi ìwé àti bírò mi sápò. Mi ò lè kọ nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà.

AGOGO JÁDE

Nígbà tí mo délé, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún bàbá mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ foríjì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú agogo yín jáde."

Ó ní, "Mo ti foríjì ọ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kò ní lù ú. Ẹnu tó ní kí agogo dákẹ́, ọwọ́ onítọ̀hún ni yóò lù ú." Ó fa síńgílẹ́ẹ̀tì yẹn yọ lábẹ́ ibùsùn, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Mo kọ́kọ́ lọ sí ọgbà kejì. Mo kí wọn, mo ṣàlàyé pé ẹ̀yìn ilé lọ́dọ̀ wa nìkan ni, kò ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ọmọ ọwọ́ ìjọ́sí ti di ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ń wò mí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kò sí wàhálà, kí n má ṣáà wá sẹ́nu géètì àwọn. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè yanjú ni mo fi ọdún mẹ́jọ bò mọ́lẹ̀.

Ní aago mẹ́ta ààbọ̀ òru, mo jáde. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo lu agogo náà, kùẹ̀ kùẹ̀ kùẹ̀, kò ní orí, kò ní ìdí. Mo pe télọ̀, mo pe bàbá olódòdó. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Aláta, ó pariwo láti inú yàrá pé, "Ta lẹni tó ń lu agogo bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́ yìí?"

Gbogbo bọ́ìsì-kọ́tà bú sẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ohùn bàbá mi lójú fèrèsé. Ó ní, "Lù ú ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Dúró. Tún lù ú. Kí o tó kọrin, kọ́kọ́ kí i." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Iná tàn nínú yàrá Ìyá Aláta, mo gbọ́ ìró ìkòkò.

Títí di ọjọ́ tí ààwẹ̀ parí, mo lù ú. Lọ́jọ́ ọdún, ọjọ́ 30 oṣù kẹta, Ìyá Aláta bu ìrẹsì fún mi, ó fi ẹran ńlá méjì lé e. Ó ní owó iṣẹ́ mi nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìròyìn, mi ò tíì gba owó tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe wéré rí, ní Ìbàdàn, ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìjẹ̀bú, níbikíbi, ẹ kọ lẹ́tà sí wa. Ẹ sọ orúkọ ẹgbẹ́ yín, ohun tí ẹ ń lù, àti ilé tí ẹ ń jí. Ẹni tí kò bá lè kọ, kí ó sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ kí ó bá a kọ ọ́. Orúkọ àwọn olówó ti wà lára rẹ́kọ́ọ̀dù. Tiyín ni a kò tíì kọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, tí bàbá yín bá ń ṣe nǹkan kan tó dà bí ohun ìtìjú lójú yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó ń ṣe é fún.

Ó dìgbà o.